Kí Ẹ Tó Rẹ́ Ògiri Gáréèjì: Ọ̀rọ̀ Lórí Wáyà àti Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ tò sẹ́yìn yẹn, ẹ bọ́ síwájú, àga wà níbí, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí máa kàn jù. Alága àdúgbò ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iná inú gáréèjì, torí ilé mẹ́rin ló ń lọ lọ́wọ́ ládùúgbò yìí báyìí, wọn ò tí ì rẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Mo ní háà, àsìkò gan-an rèé, torí tí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì bo ògiri tán, ó ku ká máa fi òòlù àti ṣísù gbẹ́ ẹ kiri nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n tètè là á o, gáréèjì tí mò ń wí kì í ṣe ti Ojóo tàbí Challenge n'Íbàdàn tí wọ́n ti ń pe èrò. Ilé tẹ́ ẹ kọ́ fún mọ́tò ni, èyí tí mọ́tò kì í sùn síbẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí irọ́ ni mo pa? Bí mo ṣe ń bọ̀ lónìí mo wo inú ọgbà bíi mẹ́fà méje, mọ́tò wà níta tí oòrùn ń sè é, inú gáréèjì ni fírísà wà, bátìrì ínfátà, ẹ̀rọ ìránṣọ, kẹ́ẹ̀gì epo, táyà àlòkù, sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ jàre, àyè ni àyè ń jẹ́. Ibi tó ti burú ni pé ẹni tó ya pílánù yà á bí ilé mọ́tò, oníná náà sì wáyà rẹ̀ bí ilé mọ́tò, gílóòbù kan láàárín, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó tán. Kí ọdún méjì tó pé, extension ti gun extension lórí, ọ̀kan ti ń dúdú lẹ́nu, wọ́n á ní kò séwu, ẹ má jẹ́ kómi kàn án ṣá.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà jẹ̀bi. Oníná ni mí, ó ti lé lógún ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi owó ti ń tán lọ́wọ́ mi, mo bá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì péré sí gáréèjì, mo ní kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ra fírísà ńlá, iwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gan-an ló gbà á. Dúrọ́ọ̀mù omi bo èkejì. Ló bá di pé tí mo bá fẹ́ lo ẹ̀rọ tí mo fi ń lu ihò, mo ní láti fa wáyà gba ojú wíńdò kíṣíìnì. Lọ́jọ́ kan ọmọ iṣẹ́ mi kan tẹ̀ mí lójú, ó ní "Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín pe oníná ni?" Ó dùn mí o, àmọ́ mi ò lè bá a wí.

Nítorí náà, kó tó di ọ̀rọ̀ wáyà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni. Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì, ẹ wọ inú gáréèjì yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mọ́tò á dúró síbí, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí dé ibí, búùtù á gbé sókè dé ibí. Fírísà ńkọ́, ẹ yà á. Tábìlì iṣẹ́, ẹ yà á. Ẹ ò ní tábìlì iṣẹ́ lónìí? Ẹ ṣì yà á, ọmọ yín kan lè fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́la. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dúró síbi kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ ki plọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi tọ́wọ́ bá kàn lára ògiri, ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, àwọn bíríkìlà á máa wò yín bí ẹni tórí rẹ̀ ò pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ẹ̀gbẹ́ fírísà ni kí àmì tirẹ̀ wà o, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá ń rùn éèfín láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ pe èèyàn mẹ́ta láti bá yín gbé e kúrò. Olójú méjì ni kẹ́ ẹ fi síbi àmì kọ̀ọ̀kan, tí ibi iṣẹ́ bá sì wà, ẹ fi méjì bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Tí owó ò bá tó, ẹ ri páìpù àti àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri, ẹ fi okùn sínú páìpù, ẹ fi pátákó bo ojú rẹ̀, wáyà lè wá lọ́dún mẹ́ta sí i. Páìpù ò wọ́n. Gbígbẹ́ ògiri tí wọ́n ti kùn tán ló wọ́n.

Gíga ńkọ́? Ní pálọ̀ a máa ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sísàlẹ̀ kí wáyà tẹlifíṣọ̀n má bàa máa hàn, ìyẹn ò sí ní gáréèjì. Ẹ gbé e dé gíga àyà, mítà kan àti díẹ̀, kó sún mọ́ 1.2. Ìdí kìíní, tábìlì iṣẹ́ ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 90, ẹ fẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lókè rẹ̀, kó má wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti máa rá bàbà kẹ́ ẹ tó rí i. Ìdí kejì, òjò. Ilẹ̀ gáréèjì ló máa ń rẹlẹ̀ jù nínú ilé, àgbàrá tó bá ti ojú pópó bọ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yà sí, kí a má tiẹ̀ sọ ti àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò tí wọ́n ń fi họ́ọ̀sì ṣeré.

Ìdí kẹta làwọn èèyàn kì í rò, òun ló sì le jù. Oru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè bí èéfín igi, ilẹ̀ ló máa ń fà mọ́ bí omi. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ò dé dáadáa, tàbí mọ́tò tí páìpù epo rẹ̀ ń jò, oru yẹn á tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ lè má gbóòórùn rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Bẹ́ẹ̀ plọ́ọ̀gì tẹ́ ẹ bá yọ nígbà tí nǹkan ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó máa ta iná pàrà, ẹ ti rí i rí. Nínú òfin wáyà ti Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì tí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọlé jáde dáadáa, láti ilẹ̀ dé ínǹṣì 18 ni wọ́n kà sí ibi eléwu, ohun tó ń ta iná ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Àwa tá à ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ sínú gáréèjì, ṣé ó yẹ kí tiwa kéré sí tiwọn? Ẹni tó bá sì fẹ́ gbẹ́ kòtò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ mọ́tò, ẹ má jẹ́ kí oníná kankan fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí gílóòbù fọ́ltì 230 sínú kòtò yẹn láéláé. Tọ́ọ̀ṣì tó ń gba chárjì ti tó.

Ó yá, ká wá ka ẹrù. Plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun tí gbogbo wa ń lò yìí, tí àwọn òyìnbó Bìrìtìkó fi lélẹ̀ ní 1947, 13A, ìyẹn áńpíà 13, ni fíùsì tó tóbi jù nínú rẹ̀. Ẹ fi 13 ìlọ́po 230, ó tó bíi wáàtì 3,000, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Fírísà ilé ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Grinder kékeré tí wọ́n fi ń gé irin jẹ nǹkan bíi wáàtì 800 tàbí 1,000, ìyẹn náà rọrùn. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ alágbára ẹṣin méjì ńkọ́? Ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746, méjì á sún mọ́ 1,500, ẹ á ní ó wọlé dáadáa. Ó wọlé tó bá ti ń yí. Àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, mótò rẹ̀ lè fa iná ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń jẹ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi máa ń ṣẹ́jú, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré á pariwo gbùù kó tó kú. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, brékà onítáìpù C ni kẹ́ ẹ lò, òun lè fara da ìfà àkọ́kọ́ yẹn, táìpù B á máa já ṣáá, ẹ á sì rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ẹ̀rọ jíjó irin tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kéékèèké ìgbàlódé tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká yẹn, tí wọ́n bá fi jó irin tó nípọn, ó lè fa 25A tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí plọ́ọ̀gì 13A tó fara da ìyẹn tí ò yọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé wẹ́dà máa wọ gáréèjì òun, kó jẹ́ kí wọ́n fa wáyà 6, ìyẹn èyí tí ojú kọ́pà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6 níbùú lóòró, fún un lọ́tọ̀, brékà 32A, sọ́kẹ́ẹ̀tì róbótó aláwọ̀ búlùú lẹ́nu rẹ̀. Búlùú ni ti 230, pupa ni ti three-phase, ẹ má pàṣípààrọ̀ wọn torí pé pupa ló kù ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá kan níwájú yìí ní, "Ṣé gbogbo ìyẹn ò ní pọ̀ jù?" Kò pọ̀ jù mà. Ẹ wò ó, lọ́pọ̀ ilé, tí wọ́n bá fa wáyà 2.5 kan láti yàrá ìgbàlejò, wọ́n á jẹ́ kó gba kíṣíìnì, kó gba kọ́rídọ̀, kó wá fi gáréèjì parí. Ọjọ́ tí grinder bá já brékà, fírísà ẹja yín náà ti kú nìyẹn, ẹ ò ní mọ̀ títí di ọjọ́ kejì tí òórùn bá pè yín. Ohun tí mo fẹ́ ni DB kékeré, ìyẹn àpótí brékà, tó jẹ́ ti gáréèjì nìkan, wáyà kan tó nípọn á ti DB ńlá inú ilé wá bá a, ibẹ̀ la ó ti pín in: iná òkè lọ́tọ̀ lórí wáyà 1.5, fírísà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ ńlá lọ́tọ̀, àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù pa pọ̀ lórí 2.5 pẹ̀lú brékà 20A. Ẹ fi àyè brékà méjì tó ṣófo sílẹ̀. Sumo tó ń fa omi kànga ń bọ̀, mótò géètì ń bọ̀, mo mọ̀ wá.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀nà jíjìn ń jẹ iná. Wáyà 2.5 máa ń pàdánù bíi mílífọ́ltì 18 fún áńpíà kan lórí mítà kan, ó rú yín lójú àbí, ẹ jẹ́ n fi owó ọjà sọ ọ́: tẹ́ ẹ bá fa 20A gba orí wáyà 2.5 tó gùn tó mítà 25, fọ́ltì 9 ló máa sọnù sójú ọ̀nà. Wáyà 6 lójú ọ̀nà kan náà, kò pé 4 tó máa sọnù. Ẹ lè ní kí ni 9 nínú 230, àmọ́ ta ló ń fún wa ní 230? Ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti tan iná, ẹ gbé mítà yín sí i, ẹ lè bá 185. Ẹ yọ 9 kúrò. Mótò kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á máa kùn hùùn láìyí, inú ara rẹ̀ á máa gbóná, kò pẹ́ tí wáyà inú rẹ̀ á fi jó. Wọ́n á ní NEPA ló bà á jẹ́. NEPA tí ò sí mọ́ láti 2005, orúkọ rẹ̀ là ń pè síbẹ̀ tí nǹkan bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n lórí èyí, wáyà tínínrín tá a rà náà ní ẹjọ́ láti rò.

Ọ̀rọ̀ earth, ọ̀nà tí iná tó bá jò fi ń wọ ilẹ̀, ló kàn, mi ò ní yára kúrò níbẹ̀. Àṣà wa ni pé ká wa kòtò, ká da èédú àti iyọ̀ sí i, ká ri ọ̀pá kọ́pà mọ́lẹ̀, ó parí, a ti ní earth. Ta ló wọ̀n ọ́n? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilẹ̀ tiyín gbẹ bíi ti ìgbà ọyẹ́, tí ìdènà ọ̀pá yẹn sí ilẹ̀ jẹ́ 50 ohm. Iná bá jò sára irin tábìlì yín. 230 pín sí 50, ó jẹ́ 4.6A. Brékà 20A yẹn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, lójú tiẹ̀ ẹnì kan ló ń lo pressing iron. Irin tábìlì á wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná lára, títí ẹnì kan á fi bọ́ bàtà tí á fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo RCD, èyí táwọn àgbà oníná ń pè ní earth leakage. Ti 30 mílí-áńpíà ni kẹ́ ẹ rà, òun kì í dúró de 20A, tí iná tó ń lọ bá ti yàtọ̀ sí èyí tó ń padà bọ̀ pẹ́rẹ́, ó ti já a. Ilẹ̀ gáréèjì, sìmẹ́ǹtì lásán ni, ó ń tutù, a sì máa ń wọ sílípáàsì níbẹ̀, tí owó bá máa ra RCD kan péré nínú gbogbo ilé, gáréèjì àti ilé ìwẹ̀ ni mo máa fi sí. Bọ́tìnì kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n kọ T sí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Tó bá kọ̀ tí ò já, kì í ṣe RCD mọ́, ọ̀ṣọ́ ni. Fírísà, ẹ fún òun ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí grinder tó rin má bàa pa ẹran ọdún iléyá yín.

Jẹnẹrétọ̀. Ẹ dákẹ́ jẹ́jẹ́ ná. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní òjò ń rọ̀, olè ń jí i. Kò sí ìdí kankan tó tó láti tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì tó so mọ́ ilé, kódà tẹ́ ẹ bá ṣí géètì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Èéfín tó ń pa èèyàn nínú rẹ̀ ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, orí fífọ́ díẹ̀ lẹ á kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́, ẹ á ní kẹ́ ẹ lọ sùn. Ìta ni, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ohun tó lè wà nínú gáréèjì ni changeover, èyí tó ń yan ọ̀kan tí ò lè gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ ẹ bá ti ń ri páìpù, ẹ ri ti wáyà jẹnẹrétọ̀ náà láti ibi tó máa dúró sí títí dé ibi changeover. Torí tí ẹ ò bá ṣe é, ọjọ́ kan ẹnì kan á ṣe wáyà tó ní plọ́ọ̀gì lórí méjèèjì, á ki ọ̀kan bọ jẹnẹrétọ̀, á ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ẹ mọ̀ ọ́n, ojú yín ti sọ fún mi. Wáyà yẹn, tẹ́ ẹ bá yọ orí kan nígbà tí iná wà, iná wà ní ìhòòhò lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá sì gbàgbé láti pa main switch, iná yín lè gba mítà jáde sójú pópó, transformer tó ń sọ 11,000 di 415 fún wa lè yí i padà sókè, ọmọ ọlọ́mọ tó gun òpó torí ó rò pé iná ò sí níbẹ̀ ló máa gbà á sára.

Bátìrì ínfátà náà nìyẹn. Àwọn olómi tí wọ́n ń bu omi sí máa ń tú gáàsì háídrójìn jáde tí wọ́n bá ń gba chárjì, ìyẹn fúyẹ́, òkè ló ń lọ, òdìkejì oru epo. Ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sókè ògiri lórí wọn, ẹ má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí swíìṣì sókè wọn gan-an. Àwọn lithium ò ní wàhálà ti omi, àmọ́ wọn ò fẹ́ ooru rárá, ẹ̀gbẹ́ páànù gáréèjì tó ń jó bí ààrò kọ́ ni ibùgbé wọn.

Iná òkè, ọ̀rọ̀ kékeré. Gílóòbù àárín kan ò wúlò, tẹ́ ẹ bá ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì òjìji rẹ̀ á bo gbogbo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ rí. Iná gígùn méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún ọ̀kan ní òsì mọ́tò, swíìṣì méjì tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, ọ̀kan lẹ́nu géètì, ọ̀kan lẹ́nu ilẹ̀kùn tó wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lo ẹ̀rọ tó ń yí, iná gígùn àtijọ́ tó ń gbọ̀n yẹn máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè jẹ́ kí abẹ tó ń sáré dà bí èyí tó dúró. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi gílóòbù pupa lásán kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo rò pé ahun ló ń ṣe é, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ irú gílóòbù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹ́jú bíi ti iná gígùn.

Bàbá tó gbọ́wọ́ sókè, mo ti rí yín sà. Ẹ ní báwo lẹ ṣe máa mọ wáyà tó dáa lọ́jà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀, tí inú bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n kùn ní kọ́pà ni, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e lọ́wọ́, kọ́pà wúwo. Ẹ wo ara rọ́bà rẹ̀ bóyá wọ́n kọ ìwọ̀n sí i, kẹ́ ẹ sì fi wé 2.5 tẹ́ ẹ mọ̀, torí àwọn kan ń kọ 2.5 sára ohun tí ò tó 1.5. Àti oníná tẹ́ ẹ máa gbé iṣẹ́ fún, ẹ bi í bóyá ó ní ìwé NEMSA, àjọ ìjọba tó ń fún oníná ní ìwé ẹ̀rí, òun náà kò ní bínú tó bá ní i.

Ẹni tí ilé tiẹ̀ ti parí, ìyá wa tó wà ní igun yẹn, ẹ má sunkún. Tráńkìn onírọ́bà tí wáyà ń gba inú rẹ̀ wà, ẹ kàn án mọ́ ojú ògiri ní gíga àyà láti igun kan dé èkejì, gáréèjì ni, ta ló ń wá ẹwà níbẹ̀? Èyí tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn nígbẹ̀yìn, ó sì tún rọrùn láti fi kún un. Fírísà ṣì wà níbi tó wà.

Ó ku wákàtí kan kí ilẹ̀ ṣú. Onílé tó ń kọ́ ilé ẹlẹ́ẹ̀kejì lápá òsì yìí ní ká bọ̀ wá wo tòun, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ṣì ṣófo, ṣọ́ọ̀kì wà lápò mi. Ẹ jẹ́ ká lọ.